Omi Tó Tòrò Kọ́ Ni Omi Tó Mọ́

Àmù mẹ́ta ló wà lẹ́yìnkùlé ìyá ìyá mi ní abúlé wa ní Lágelú. Omi tí a bá pọn láti odò lówùúrọ̀ kì í wọ àmù tí a ń mu lójú ẹsẹ̀. Inú àmù àkọ́kọ́ ni yóò sùn sí. Ìyá Àgbà á sọ álọ́ọ̀mù sí i, á fi igi ro ó yíká, á dé e, ẹrẹ̀ á sì máa rogún sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì a ó rọra re ojú rẹ̀ sínú àmù kejì, kí ó tó wá kan ẹ̀kẹta tó wà lábẹ́ igi ọsàn, èyí tí omi rẹ̀ máa ń tutù dé eyín. Bí àlejò bá ń wo omi inú igbá tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ni Ìyá Àgbà fi máa ń dá a lóhùn: "Ó ti tòrò."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ gbé yẹ̀wò. Oríṣi ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì ló ti ń yẹ̀ ẹ́ wò fún wa láti bí ọgọ́ta ọdún. Àkọ́kọ́ ni ìmọ̀ nípa àwọn ohun ẹlẹ́mìí tó ń gbé inú omi àti bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn àti àyíká wọn gbé. Èkejì ni ẹ̀ka kẹ́mísírì tó ń wá ọ̀nà tí amọ̀, kóró èso, aṣọ àti irin yóò fi ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀dá wọn kò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe. Ní àwọn abúlé oko tó yí Ìbàdàn ká, láti Mọníyà ní Akínyẹlé dé Lálúpọn ní Lágelú, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Àkànràn ní Ọ̀nà-Àrà, ìmọ̀ méjèèjì kan ìgbésí ayé ojoojúmọ́, nítorí odò, ìsun, kànga àti òjò ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń gbé ẹ̀mí ró.

Ohun tí mo rí nínú àwọn ìwádìí náà kò ṣòro sọ. Nígbàkigbà tí ìmọ̀ bá gbà wá lọ́wọ́ omi, ẹnì kan ti kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú omi náà gan-an, ẹlòmíràn sì wá asẹ́ tó bá a mu. Nígbà tí a bá sì kùnà, a jẹ́ pé àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀, tàbí pé iṣẹ́ wọn kò dé ọwọ́ ẹni tó ń fa omi.

Ẹ̀kọ́ tí sobìà kọ́ wa

Àwọn baba wa ní bí sobìà yóò bá degbò, olúgànbe là á ké sí. Ọ̀dọ́ tó ń pa òwe yìí lónìí lè má mọ̀ pé orúkọ àrùn ni sobìà, pé ewé sì ni olúgànbe. Inú mi máa ń dùn sí àìmọ̀ yẹn, nítorí pé ẹ̀rí ìṣẹ́gun ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sí ìdílé lágbègbè wa tí kò mọ aràn funfun tó gùn tó mítà kan, tó máa ń lu ẹsẹ̀ jáde lásìkò iṣẹ́ oko gan-an. Àgbẹ̀ á wà nílé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, koríko á sì bo àgbàdo mọ́lẹ̀.

Ní 1986, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ ènìyàn ni sobìà ń bá jà lọ́dún kan ní Áfíríkà àti Éṣíà. Nígbà tí Nàìjíríà ka tirẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè ní 1987 sí 1988, iye tí wọ́n rí lé ní 650,000. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kò sì sí oògùn tó ń pa á lára. Ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé nìkan ni a lè dí, àwọn tó mọ ohun ẹlẹ́mìí inú omi ló sì fi ọ̀nà náà hàn. Ẹni tí sobìà ń yọ lẹ́sẹ̀ a ki ẹsẹ̀ bọ omi kí ó lè tù ú. Aràn náà a tu ọmọ rẹ̀ wẹẹrẹ sínú omi. Kòkòrò omi kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ, tí wọ́n ń pè ní Cyclops, a gbé ọmọ aràn mì. Ẹni tó bá wá bu omi náà mu ti gbé sobìà ọdún tó ń bọ̀ mì. Ní Ìdèrè ní Ìbàràpá, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn lo ọ̀pọ̀ ọdún láàrin àwọn ará ìlú láti mọ bí ènìyàn ṣe ń kó o àti ohun tí yóò mú kí àwọn ènìyàn gba láti máa sẹ́ omi.

Ọwọ́ àwọn tó ń ṣe ohun èlò ni iṣẹ́ wá kàn. Bí Cyclops bá ṣe tóbi tó yìí, ihò aṣọ gbọ́dọ̀ kéré jù ú lọ, síbẹ̀ kí omi ráyè kọjá kíákíá, kí ẹni tó ń sẹ́ ẹ má baà sú. Òwú aṣọ lásán máa ń wú bó bá rin, ihò rẹ̀ á sì dí. Wọ́n wá hun aṣọ náílọ́ọ̀nù olówùú ẹyọ kan, tí ihò rẹ̀ kì í yí padà bí a ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. Àwọn ìyá wa tó ti ń sẹ́ ògì láti ọjọ́ pípẹ́ kò nílò olùkọ́ kankan láti mọ bí a ti ń lò ó. A dé e mọ́ ẹnu àmù, a da omi sí i, ó parí. Níbi tí omi bá wà lójú kan, wọ́n tún ń da oògùn kan tí wọ́n ń pè ní Abate sí i ní ìwọ̀n tí ó ń pa Cyclops láì pa ẹni tó ń mu omi.

Ẹni ìkẹyìn tí sobìà mú ní Nàìjíríà wà ní Ezza Nkwubor ní Ìpínlẹ̀ Enugu ní 2008. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé ilẹ̀ wa ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2024, ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni sobìà mú ní gbogbo ayé. Lára ohun tó ṣe iṣẹ́ yìí ni aṣọ tí a hun sí ìwọ̀n ara ẹranko kan, àti ẹnì kan ní abúlé kọ̀ọ̀kan tó ń rìn láti ilé dé ilé láti rí i pé aṣọ náà kò ya.

Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún onígbáméjì náà. Ní Bangladesh, àwọn onímọ̀ tí Rita Colwell kó sòdí ṣàkíyèsí pé kòkòrò onígbáméjì máa ń lẹ̀ mọ́ ara àwọn ẹbí Cyclops nínú omi. Wọ́n ní kí àwọn ìyá abúlé ṣẹ́ ògbólógbòó aṣọ sárì po lọ́nà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n fi sẹ́ omi. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2003 fi hàn pé onígbáméjì dín kù ní ìwọ̀n 48 nínú ọgọ́rùn-ún. Kòkòrò onígbáméjì fúnra rẹ̀ kéré tó láti gba inú ihò aṣọ náà kọjá. Ẹranko tó gbé e sẹ́yìn ni aṣọ mú. Ẹni tí kò mọ irú ẹni tó ń gbé inú omi kò lè ronú kan irú asẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń gbé inú omi wa

Ìtàn kíkà àwọn ẹ̀dá inú omi ní Ìbàdàn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1965, A. M. A. Imevbore tẹ àkójọ àwọn ẹ̀dá wínníwínní inú adágún Ẹlẹ́yẹlé jáde, adágún tí ìjọba amúnisìn sé odò Ọ̀nà láti fi ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940. Ní 1973, A. B. M. Egborge ṣe irú rẹ̀ fún odò Ọ̀ṣun, ó sì tún yẹ adágún Aṣejírẹ wò lẹ́yìn tí wọ́n sé odò náà. Ẹni tó bá wo àwọn ìwé wọ̀nyí lè rò pé orúkọ kòkòrò lásán ni. Òṣùwọ̀n ni wọ́n. Láìsí wọn, a kò ní mọ ohun tó ti ṣí kúrò nínú omi wa àti ohun tó ti rọ́pò rẹ̀.

Àwọn ẹ̀dá náà kì í ṣe ọ̀tá. Ìdin kòkòrò kan wà tí kì í gbé ibi tí omi kò bá ti mọ́. Ìdin pupa wẹẹ kan sì wà tó fẹ́ràn ẹrẹ̀ tó ń rùn. Ẹni tó bá ṣí òkúta odò tó sì rí èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti mọ ìlera odò kí ó tó gbé igò kankan lọ sí ilé ìwádìí. Àwọn apẹja mọ irú ìmọ̀ yìí láì ka ìwé: wọ́n mọ apá ibi tí ẹpìà kò gbé mọ́, tí àrọ̀ nìkan ṣẹ́kù sí.

Sísé odò pàápàá máa ń yí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ padà. Nígbà tí wọ́n ṣí ìdídò Ọ̀yán nítòsí Abẹ́òkúta ní 1983, omi tó ń sáré tẹ́lẹ̀ wá dúró jẹ́ẹ́, ewéko hù sí etí rẹ̀, irú ìgbín omi kékeré kan tó ń gbé àtọ̀sí ajá kiri sì pọ̀ sí i. Ìwádìí àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e rí ọ̀pọ̀ ọmọdé tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ ní àwọn abúlé etí adágún náà. Omi ibẹ̀ tòrò ju ti odò tó ń ṣàn lọ. Inú ìtòrò yẹn ni àrùn ti rí ilé. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ adágún ẹja tàbí adágún ìbomirin sí oko rẹ̀ ní Akínyẹlé tàbí Ọ̀nà-Àrà, ẹ jẹ́ kí ó rántí pé ewéko etí rẹ̀ ni ilé ìgbín náà. Kí ó máa ro ó mọ́ kúrò.

Iṣẹ́ oko tiwa náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láyé àwọn baba wa, gámálíìnì ni oògùn tí gbogbo àgbẹ̀ kòkó mọ̀ fún kòkòrò ara igi. Àwọn kan tilẹ̀ ń dà á sínú odò kí ẹja lè léfòó. Oògùn inú rẹ̀, lindane, kì í tètè jẹrà. Inú ọ̀rá ara ẹja ni ó ń sá pamọ́ sí, láti ibẹ̀ dé inú ọbẹ̀. Ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn Stockholm fi í sára àwọn ohun tí ayé gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Ajílẹ̀ òyìnbó tí òjò bá gbá lọ sódò a máa bọ́ ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ lójú omi, èyí tó ń jẹ afẹ́fẹ́ inú omi nígbà tó bá kú. Omi pákí tó ń ṣàn láti abẹ́ jáàkì ní ibùdó gàrí wa ní ọ̀nà méjì tó fi ń pa ẹja: sáyánáìdì wà nínú rẹ̀, oúnjẹ tó wà nínú rẹ̀ sì pọ̀ débi pé àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ẹ́ a fa gbogbo afẹ́fẹ́ omi tán. Ibi tí ẹ bá ti rí ẹja tó ń la ẹnu lójú omi lówùúrọ̀, ìyẹn ni wọ́n ń sọ.

Odò Ọ̀ṣun, tó ń bọ́ adágún Aṣejírẹ, ń gbé ẹrù tó tún wúwo ju èyí lọ. Àwọn tó ń wa wúrà ní agbègbè Iléṣà ti sọ omi rẹ̀ di àwọ̀ ilẹ̀, débi pé ní 2022 ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn kí wọ́n má mu ún. Ní 2019, Emmanuel Akindele àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìṣáwùrú inú odò náà wò, wọ́n sì rí ẹ̀rún ike nínú ikùn wọn. Ìwádìí náà ló kọ́kọ́ fi ìgbín odò wọn ẹ̀rún ike ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn olùwádìí mìíràn ti tún rí ẹ̀rún náà nínú omi, nínú ẹrẹ̀ àti nínú ẹja. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí a mu tí a sọ sí gọ́tà wà lára ohun tó ń já sí wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀. A sá fún omi odò lọ mu omi inú ọ̀rá; ọ̀rá náà tún padà sí odò.

Òjé Olódó

Ohun ẹlẹ́mìí ló pọ̀ jù nínú ohun tí a ti ń sọ láti òkè wá. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù kò ní ẹ̀mí. Ní Olódó àti àyíká rẹ̀, ní ojú ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá àti Lágelú, wọ́n ti kó ìdàrọ́ òjé láti inú iṣẹ́ bátìrì ọkọ̀ dà sílẹ̀ láti àwọn ọdún sẹ́yìn. Dúdú ni ìdàrọ́ náà, ó le bí òkúta. Ojú àwọn ènìyàn rí i pé yóò dára fún dídí kòtò ọ̀nà, wọ́n sì lò ó bẹ́ẹ̀.

Yunifásítì Ìbàdàn kò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Oladele Osibanjo àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àbájáde jáde: Mary Ogundiran ní 2008, Gilbert Adie ní 2009, lórí ilẹ̀ àti ewéko ibi tí wọ́n da ìdàrọ́ sí. Ní 2018, ìwádìí kan ní Omílẹ̀ńdẹ̀, Olódó, wọn òjé nínú erùpẹ̀ ojú ilẹ̀, nínú omi àti nínú àgbàdo tí àwọn ènìyàn gbìn sẹ́yìnkùlé wọn. Ohun tó yẹ kí a fi sọ́kàn ni pé òjé kò ní àwọ̀ nínú omi, kò rùn, kò ní adùn. Òfin omi mímu Nàìjíríà ti 2007 kò fàyè gba ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílígíráàmù nínú lítà kan. Ọpọlọ ọmọdé ni òjé ń bà jẹ́. Ní Zamfara ní 2010, òjé láti inú iṣẹ́ wúrà pa àwọn ọmọ tó lé ní 400.

Síse kò lè lé òjé kúrò nínú omi. Bí omi bá ṣe ń gbẹ lórí iná, bẹ́ẹ̀ ni òjé ń ki sí i nínú èyí tó kù. Álọ́ọ̀mù Ìyá Àgbà mi kò lè mú èyí tó ti yòrò. Aṣọ sobìà kò rí i. Ó lè jẹ́ pé inú omi tó tòrò jù lọ lábúlé gan-an ni òjé wà.

Ọ̀nà tí Ogundiran gbà wọ ọ̀rọ̀ náà wú mi lórí. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Netherlands da irú ìdàrọ́ òjé bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ eérú èédú ilé iṣẹ́ iná àti omi àlòkù ilé iṣẹ́ alumíníọ̀mù tó le bí omi eérú ọṣẹ. Àpòpọ̀ náà gan bí sìmẹ́ńtì, ó sì há òjé mọ́ inú ara rẹ̀ kí òjò má baà wẹ̀ ẹ́ jáde. Wọ́n tẹ àbájáde náà jáde ní 2013. Àwọn ìyá tó ń fi èèpo kòkó jó eérú fún ọṣẹ dúdú mọ ẹ̀gbọ́n irú kẹ́mísírì yìí.

Amọ̀, kóró èso àti fàdákà

Kí ló wà nílẹ̀ fún wa, nígbà náà? Ó pọ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara kóró móríńgà. Ìdí tí ẹrẹ̀ wínníwínní kì í fi í tètè rogún ni pé agbára iná kan náà ló wà lára gbogbo wọn, wọ́n sì ń ti ara wọn sẹ́yìn. Èròjà amúaradàgbà kan wà nínú kóró móríńgà tí agbára tirẹ̀ lòdì sí ti ẹrẹ̀. Ó fà wọ́n mọ́ra, wọ́n di gìdìgìdì, wọ́n sì wúwo lọ sísàlẹ̀. Àwọn obìnrin Sudan ti ń lò ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó kọ ọ́ sílẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ìyókù kóró tó ṣẹ́kù sínú omi ń di oúnjẹ fún kòkòrò, tí omi náà a fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn lọ́jọ́ kejì. Ní 2012, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà wá ọ̀nà mìíràn: wọ́n jẹ́ kí èròjà náà lẹ̀ mọ́ yanrìn, wọ́n ṣan ìyókù kóró kúrò, yanrìn náà sì di asẹ́ tó ń mú kòkòrò àìfojúrí fúnra rẹ̀.

Ìbẹ́pẹ ló kàn. Emmanuel Unuabonah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Redeemer's, tó wà ní Ẹdẹ báyìí, da amọ̀ funfun pọ̀ mọ́ kóró ìbẹ́pẹ tí gbogbo wa ń dà nù, wọ́n sì yan án nínú iná. Ohun tó jáde ní 2013 ni amọ̀ tí irin olóró máa ń lẹ̀ mọ́ bí emọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ẹni tó gba inú igbó kọjá. Ní 2019, àwọn ará Ẹdẹ fi bàbà àti síńkì kún un pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Olawale Adelowo, onímọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí ní Ìbàdàn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti tàn sí amọ̀ ọ̀tun yìí, ó ń pa kòkòrò inú omi. Oòrùn sì rèé, a kì í rà á.

Ìkòkò asẹ́ náà ń bẹ. Láti 1981 ni wọ́n ti ń mọ ọ́n ní Guatemala: amọ̀ àti ìyẹ̀fun pákó ni wọ́n ń pò pọ̀. Nígbà tí iná bá jó pákó kúrò, ihò tóótòòtó ló ń kù nínú ìkòkò, omi ń rọra kán gba inú rẹ̀, lítà kan sí mẹ́ta ní wákàtí kan. Wọ́n ń fi fàdákà kun ara rẹ̀ kí kòkòrò má baà gbé inú ihò náà. Ní Cambodia, àwọn ìdílé tó lò ó ní ìgbẹ́ gbuuru tó dín ní ìwọ̀n 46 nínú ọgọ́rùn-ún sí ti àwọn tí kò lò ó. Nítòsí wa níhìn-ín, àwọn onímọ̀ tí Winston Soboyejo wà lára wọn gbé e lọ sí abúlé Ẹwẹ́jẹ ní Ọ̀dẹ́dá, Ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 2011.

Fàdákà yẹn náà ti di iṣẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́. Ní LAUTECH, yunifásítì ibẹ̀, Agbaje Lateef àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi omi èèpo kòkó, èèpo obì, àní òwú aláǹtakùn pàápàá, sọ fàdákà di ẹ̀rún tí ojú kò lè rí, tó sì ń pa kòkòrò àìfojúrí. Òkìtì èèpo kòkó tó ń jẹrà ní oko Àkànràn jẹ́ ohun èlò fún ẹni tó bá mọ ọ̀nà rẹ̀.

Lókè òkun, ẹ̀bùn Nobel kẹ́mísírì ti 2025 lọ sọ́dọ̀ Susumu Kitagawa, Richard Robson àti Omar Yaghi fún ohun èlò tí wọ́n fi irin àti èròjà oní-kábọ́ọ̀nù kọ́ bí afárá oyin, tí inú rẹ̀ ní àyè tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí gíráàmù díẹ̀ rẹ̀, bí a bá tẹ́ ẹ, yóò bo pápá bọ́ọ̀lù. Ó lè fa omi jáde nínú afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀, ó sì lè yọ májèlé kúrò nínú omi. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni pẹ̀lú amọ̀ Ẹdẹ: wá ihò tó bá ohun tí o fẹ́ mú mu.

Ibi tí iṣẹ́ kù sí

Mo ka gbogbo èyí pẹ̀lú ayọ̀, mo sì rí ibi mẹ́rin tó ń ṣú mi lójú.

Èkíní, omi inú ilé ìwádìí kì í sábà jẹ́ omi kànga. Onímọ̀ á mú omi tó mọ́, á fi òjé sí i, á wá fi amọ̀ yọ ọ́. Omi Olódó ní òjé, ó ní irin, ó ní ẹrẹ̀, ó ní ohun tó ṣàn wá láti ṣáláńgá. Gbogbo wọn ló sì ń du ojú àyè kan náà lára amọ̀.

Èkejì, amọ̀ tó bá ti yó kò ní gbà mọ́. Ta ni yóò sọ fún ìyá tó ń lò ó pé ó ti yó? Níbo ni yóò dà á sí? Bí ó bá dà á sẹ́yìnkùlé, òjé ti padà sínú àgbàdo.

Ẹ̀kẹta, ohun tó ń pa kòkòrò nínú ìkòkò lè pa ẹ̀dá rere nínú odò. Fàdákà tó bá ṣàn jáde kò mọ ìyàtọ̀ láàrin kòkòrò àrùn àti ìdin tí ẹja ń jẹ. Ibí ni ó ti yẹ kí onímọ̀ odò jókòó ti onímọ̀ kẹ́mísírì láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe kí ó wá dé lẹ́yìn tí ẹja ti léfòó.

Ẹ̀kẹrin, ìwé ìwádìí kì í sẹ́ omi. Aṣọ sobìà ṣiṣẹ́ nítorí pé wọ́n fi fúnni, wọ́n sì ń padà wá wò ó. Àwọn amọ̀kòkò Ìpetumodù ní ọwọ́ tó lè mọ ìkòkò asẹ́. Ilé ìlagi ní ìyẹ̀fun pákó. Yunifásítì ní ìlànà. Ohun tó kù ni owó àti ènìyàn tí yóò so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ tí kò sì ní lọ lẹ́yìn ọdún kan.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo lọ kí àbúrò ìyá mi obìnrin nílé wọn ní Lágelú. Wọ́n gbé omi kànga fún mi. Mo wo ibi tí ṣáláńgá wà, kò tó ogún ìṣísẹ̀ sí kànga. Orí àpáta ni ilẹ̀ wa, erùpẹ̀ tó bò ó kò sì jìn tó láti sẹ́ ohun tó ń jò. Mo sọ fún wọn.

"Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé," ni wọ́n wí, "ẹ ti sọ fún mi pé kò dáa. Kí ni kí n wá fi ṣe é báyìí?"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, Màmá," ni mo fèsì.

Mo gbé omi náà lọ fún àyẹ̀wò: kòkòrò ìgbẹ́ wà nínú rẹ̀, kò sì sí òjé. Nítorí náà, aṣọ nìkan kò tó, amọ̀ ìbẹ́pẹ kò tíì kàn wá. Kílórínì ló bá ti wọn mu, èyí tí ilé oògùn ń tà nínú igò kékeré: kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí omi tòrò, kí wọ́n fi í sí i ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára igò, kí wọ́n dúró fún ìdajì wákàtí, kí wọ́n sì dé e. Ìgbà tí wọn kò bá rí i rà, kí wọ́n se omi náà títí yóò fi hó. Bí ó bá jẹ́ Olódó ni wọ́n ń gbé tí àyẹ̀wò sì rí òjé, ìmọ̀ràn kan ṣoṣo tí mo ní ni pé kí wọ́n fi kànga yẹn sílẹ̀ fún fífọ ilẹ̀, kí wọ́n wá omi mímu níbòmíràn, títí amọ̀ Ẹdẹ tàbí irú rẹ̀ yóò fi dé abúlé.

Àyẹ̀wò kan ló là wá lójú bẹ́ẹ̀, mo sì rìn jìnnà kí n tó rí ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin ló wà nínú àgbéyẹ̀wò yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé kí ọ̀kan nínú wọn, ó kéré tán, lè gba igò omi lọ́wọ́ ìyá àgbà kan ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, kí ó sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ní èdè tó gbọ́.

Àbúrò ìyá mi ti ń lo kílórínì wọn. Àmù ìyá wọn, èyí tó wà lábẹ́ igi ọsàn, ni wọ́n ń fi í sí. Ìgbà tí mo tún dé, wọ́n bu omi fún mi, wọ́n dúró tì mí títí mo fi mu ún tán. Wọn kò sọ fún mi pé ó tòrò. Wọ́n ní, "Mu ún, ọmọ mi. A ti mọ ohun tó wà níbẹ̀."